Ọmú Rọ́bà Àlímọ̀

Bí àwọn èèyàn bá bi mí léèrè pé kí ló le jù nínú àwọn ọdún tí mo lò ní Libreville, mo máa ń rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ń retí, tàbí ọ̀rọ̀ ibà. Mo bá ọlọ́pàá pàdé, mo bá ibà pàdé. Ohun tó le jù ni ọmú rọ́bà. Mo máa ń fún wọn láyè kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Télọ̀ ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún tí Nàìjíríà àti Gabon jọ gba òmìnira ni èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi dé Libreville. Bí a ṣe débẹ̀ kò ṣe pàtàkì. A débẹ̀. A gba yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní àdúgbò Awendjé, ilé pákó tí wọ́n fi páànù bò. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì di ará àdúgbò.

Ọjọ́ tí a dé náà ni mo lọ kí onílé. Bàbá àgbà kan ni, ọmọ Mpongwé, ẹ̀yà tó ni ìlú náà, ó wọ ṣòkòtò funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ó figbe ta, ó ń bi ìyàwó mi ní Faransé bóyá àìsàn ló ń ṣe mí, ó ní kí wọ́n sáré bu omi wá. Nígbà tí mo fi máa dìde, omi ti dé. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo mu ún. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ti na ọwọ́ sí mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n má baà tún ṣubú.

Inú téèpù ni mo ti kọ́ Faransé. Télọ̀ ò lè wọn obìnrin kó má mọ nọ́ńbà. Mo kọ́ nọ́ńbà àyà, mo kọ́ ti ìdí, mo kọ́ ti apá. Nígbà tí mo dé ọgọ́rin, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní ogún mẹ́rin, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo ń wọ̀n. Nínú gbogbo èdè náà, ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ohun tó jọ ti àwọn bàbá wa. Obìnrin tí mo ń wọ̀n rò pé ìdí òun ni mo ń rẹ́rìn-ín sí, kò sì padà wá mọ́.

Oníbàárà pàtàkì tí mo kọ́kọ́ ní jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Ó kó aṣọ aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè àti aláwọ̀ búlúù wá, ó ní kí n fi rán àsíá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń wá àsíá tí wọn óò gbé kọ́. Mo to àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òòró, bí tiwa ṣe wà. Nígbà tí akọ̀wé dé, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Tiyín ló ń dúró,” ó wí, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. “Tiwa ń sùn.”

Mo tú u, mo tún un rán ní ìbú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó kéré tán, ẹ ti mọ ìyàtọ̀ báyìí.”

Ohun tí àárò rẹ̀ kọ́kọ́ sọ mí kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn aláìníṣẹ́ ni. Ní Ìbàdàn, kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí kò ní bẹ́ǹṣì, kò sì sí bẹ́ǹṣì tí kò ní àwọn tó jókòó sórí rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọn kò rán nǹkan kan, tí wọn kò ra nǹkan kan, tí wọ́n kàn ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Nígbà tí mo wà nílé, mo máa ń lé wọn. Ní Awendjé, mo kan bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi, kò sẹ́ni tó wá jókòó. Oníbàárà á wá, á sọ ohun tó fẹ́, á lọ. Àwọn Yorùbá tó wà nílùú, ibi tí kálukú ń gbé jìn síra. Ọjọ́ Jímọ̀ la ń rí ara wa ní mọ́ṣáláṣí, a óò kíra, kálukú á wá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Níkẹyìn, mo pín bẹ́ǹṣì náà sí méjì. Apá òsì ni mo ń kó aṣọ tó ti ya sí, apá ọ̀tún ni mo ń kó èyí tí mo ti rán tán sí.

Lẹ́yìn náà la bí Àlímọ̀.

Àwo tánganran ni Àbẹ̀kẹ́ ń tà lọ́jà. Ó kọ́kọ́ ń pọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ kì í kìlọ̀ kó tó dé, ikọ́ sì mú ọmọ náà. Nígbà tí Àlímọ̀ lè jókòó, Àbẹ̀kẹ́ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi. Ó ní ọwọ́ òun ti dí, ẹsẹ̀ mi nìkan ló dí. Bó ṣe di pé èmi ọkùnrin ń tọ́mọ nìyẹn, ní gbangba, níbi tí gbogbo èrò ọ̀nà ti ń rí mi.

Àlímọ̀ ń ké. Bí mo bá tẹ ẹ̀rọ, á ké. Bí mo bá dúró, á ké nítorí pé mo dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gẹdú wá gba kọ́tìnnì rẹ̀, ìdí kọ́tìnnì náà ò sì tíì parí. Mo ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ẹ̀rọ, mo ń fi tòsì mi apẹ̀rẹ̀ ọmọ. Obìnrin náà wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú nǹkan kékeré kan jáde, tuntun, tó rà fún ọmọ tirẹ̀, ó sì tì í bọ Àlímọ̀ lẹ́nu.

“Voilà,” ó wí.

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Àwọn Faransé ń pè é ní tétìnì. Àwa pè é ní ọmú rọ́bà, èyí tí ọmọ kàn ń fà lásán. Mo gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Mo rán ìdí kọ́tìnnì obìnrin náà ní ìlọ́po méjì, kò ní kí n ṣe é.

Ọdún méjì gbáko la fi gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, èmi pàápàá. Àlímọ̀ rìn, ó sáré, ó yọ eyín, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọmú rọ́bà lẹ́nu. Bí ó bá fẹ́ nǹkan, á nàka sí i. Mo rò pé ọmọ jẹ́jẹ́ la bí. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ nǹkan mìíràn ni Ìyá Kétu, aládùúgbò wa, Nàgó láti Dahomey, tó ń ta ẹja gbígbẹ. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé mo ń gbọ́ orin tí mo mọ̀ láti ẹnu ẹni tó kọ́ ọ níbòmíràn. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ mi, ó wo Àlímọ̀.

“Télọ̀, ṣé ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀?”

“Kò tíì rí ohun tó máa sọ ni,” mo wí.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹja tí kò dá a lójú.

Ọjọ́ Iléyá ni a máa ń fi tẹlifóònù bá ìyá mi sọ̀rọ̀. A óò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ìyá mi á lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù Àlhájì kan ní Gbági tó ní tẹlifóònù. Àwọn tó mọ̀ sọ fún mi pé ohùn wa á kọ́kọ́ gba Paris lọ, á gba London, kó tó dé Ìbàdàn. Etí òkun kan náà ni àwa àti Èkó wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nígbà náà nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà kí àwọn ọ̀gá àtijọ́.

A wọ inú àpótí tẹlifóònù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú aṣọ ọdún. Ìyá mi kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó ní, “Ẹ fún mi ní ọmọ mi.”

Mo gbé etí tẹlifóònù sí Àlímọ̀ lẹ́nu. Mo ní, “Kí Ìyá àgbà.”

Àlímọ̀ fa ọmú rọ́bà rẹ̀. Ó fà á dáadáa, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun ní ìlú mẹ́ta.

Mo gba tẹlifóònù padà. Ìyá mi ní, “Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ ti ń sin ewúrẹ́ ni?”

“Wáyà ni, Ìyá. Ọ̀nà jìn.”

“Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ kò lè kí èèyàn?” Mo ń gbọ́ òkun nínú wáyà. “Ọkọ mi, bó bá jẹ́ odi lẹ bí, ẹ sọ fún mi. Èmi ló ni ín bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pa mọ́ fún mi.”

Wáyà já. Lórí àtẹ̀gùn ìta, Àbẹ̀kẹ́ jókòó pẹ̀lú ìró ọdún rẹ̀, kò bìkítà pé yóò dọ̀tí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo Àlímọ̀, Àlímọ̀ náà wò ó.

“Bàbá Àlímọ̀, nǹkan yìí ń kúrò lẹ́nu rẹ̀.”

“Ó dáa.”

“Mi ò ní kí ẹ sọ pé ó dáa. Ẹ̀yin lẹ máa ń dá a padà fún un.”

Òótọ́ ni. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ewúro ló kọ́kọ́ lò. Ó rí i rà lọ́wọ́ obìnrin ará Cameroun kan lọ́jà, ó fún omi rẹ̀, ó sì ki ọmú rọ́bà bọ̀ ọ́. Àlímọ̀ fi í sẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó yọ ọ́, ó wò ó. Ó dá a padà sẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sídìí abọ́ ewúro, tó ń nàka pé kí wọ́n bá òun rì í.

Lẹ́yìn ewúro, Àbẹ̀kẹ́ fi í pamọ́ sókè àjà, ó lọ sọ́jà. Ọ̀sán ni, àkókò tí gbogbo Libreville máa ń sùn, tí ṣọ́ọ̀bù máa ń tì. Àlímọ̀ la ẹnu, ó figbe ta. Ìyá Kétu kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Níkẹyìn ni onílé jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, irun rẹ̀ fò sókè. Ó tẹ̀lé ojú ọmọ dé òkè àjà, ó gun bẹ́ǹṣì mi, bàbá àgbà yẹn, ó na ọwọ́, ó mú ọmú rọ́bà náà sọ̀kalẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó fi í sẹ́nu ọmọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó padà lọ sùn.

Ìyá Kétu ló mú ìmọ̀ràn ìkẹyìn wá. Ó ní wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, nǹkan náà ni wọ́n máa ń bà jẹ́, kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àbẹ̀kẹ́ mú sísọ́ọ̀sì mi tó ń gé aṣọ líle, ó gé orí ọmú rọ́bà náà, ó kù díẹ̀ kó já. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọmọ. Ó ru igbá àwo tánganran rẹ̀.

“Ṣé o ò dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni?” mo bi í.

“Ẹ ó ròyìn fún mi,” ó wí, ó sì lọ.

Oṣù kẹjọ ni, àyájọ́ òmìnira wọn ń bọ̀. Ìgbà yẹn kì í sí òjò níbẹ̀, kì í sí oòrùn náà, ojú ọ̀run á kàn funfun bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí kò mọ́. Àsíá kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ọmọ.

Àlímọ̀ rí ọmú rọ́bà rẹ̀. Ó fi í sẹ́nu. Ó fà á, nǹkan kan ò dáhùn. Ó yọ ọ́, ó fi ìka ṣí ojú ibi tí wọ́n gé, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Mo ń dúró de igbe. Ó dìde, ó gbé e lọ sídìí bẹ́ǹṣì, ó sì fi í sápá òsì, sórí ṣòkòtò oníbàárà kan tí orúnkún rẹ̀ ti ya. Ó wá dúró tì mí, ó fọwọ́ lé orúnkún mi.

Mo ń rán àsíá lọ. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ sídìí ẹ̀rọ ló máa mọ̀: gbogbo ohun tó ya ní ìlú yẹn tí ọmọ náà ti fojú rí, apá òsì ló ń gbà wọlé, apá ọ̀tún ló ń gbà jáde pẹ̀lú odidi ara. Kò rí èyí tí mo kọ̀ rí.

Ó dúró pẹ́. Ó padà lọ mú un, ó gbé e lé orí àsíá tí mo ń rán lọ́wọ́, lórí àwọ̀ ìyeyè.

“Bàbá,” ó wí. “Rán an.”

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

“Kí lo wí?”

“Rán an.” Ó wí i bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí èmi ni mi ò fetí sílẹ̀.

Mo wo ìta bóyá mo lè rí ẹnì kan tí mo máa sọ fún. Ìyá Kétu ti lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ajá onílé nìkan ló wà níbẹ̀. Ohùn ọmọ náà kì í ṣe ohùn tí mo rò. Ó wúwo díẹ̀, ó jọ ti ìyá mi.

Mo mọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ọkùnrin tó ní làákàyè á ju nǹkan náà sí ẹ̀yìnkùlé, á sì gbé ọmọ jó. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nílùú tí kò sẹ́ni tó fi èdè mi bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo yọ abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù nínú àpótí mi. Òwú ìyeyè ló wà nílẹ̀, òun ni mo lò. Rọ́bà kì í ṣe aṣọ. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ó máa ń dì í mú bí ẹni tó di ẹlòmíràn mú lọ́rùn aṣọ. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Àlímọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí tábìlì, ó ń wò mí, kò ṣẹ́jú. Mo rán an yíká, mo so ó, mo fi eyín gé òwú. Mo gbé e fún un.

Ó fi í sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ gba ojú òwú jáde, ó ń dún fííí. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fà á, fííí. Ó yọ ọ́, ó yí i sódìkejì, ó yẹ iṣẹ́ mi wò bí àwọn obìnrin ṣe ń yẹ ìdí bùbá wò. Ó dá a padà lé mi lọ́wọ́.

“Kò dáa,” ó wí.

Ó sì lọ bá ajá ṣeré.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n dá iṣẹ́ padà fún mi rí, òun nìkan ni kò pariwo. Ó sunkún díẹ̀ nígbà tí oorun ń bọ̀, kì í ṣe púpọ̀. Mo mú ìró ìyá rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo gbé e lọ sétí òkun níbi tí àwọn igi gẹdú ti ń léfòó, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ọjà dúró wo ọkùnrin tó pọnmọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, mo kí wọn, mo ń lọ. Kí ọjọ́ àyájọ́ tó pé, kò nàka sí ọmú rọ́bà mọ́. Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ ìròyìn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti rán nǹkan náà, ó ní kí n dákẹ́ ná. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, “Òwú ìyeyè?”

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò tó ti ń hó láti àárọ̀. Àlímọ̀ ń sọ Yorùbá, ó ń fi Faransé onílé sí i, ó ń pe ẹja bí Ìyá Kétu ṣe ń pè é. Ọdún méjì tí a fi rò pé kò gbọ́ nǹkan kan, kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀ lára ọ̀rọ̀ wa. Ó mọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ mí ní gbèsè. Ó mọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ pe obìnrin tó ń ta àwo nítòsí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì ṣú, a jókòó láti jẹun. Ẹja ni, àti gbágùúdá ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n dì sínú ewé. Àlímọ̀ mú àgékù aṣọ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kì-kì-kì bí ẹ̀rọ mi, ó ń fi ọwọ́ ti aṣọ náà síwájú. Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ ròkè, ó sì wálẹ̀.

“Háà, Ọlọ́run,” ó wí. “Ta ló rán mi níṣẹ́ wá síbí?”

Àbẹ̀kẹ́ gbé òkèlè rẹ̀ padà sínú àwo.

“Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?”

“Ọmọdé ni,” mo wí. “Ẹnu wọn ò ní ìlẹ̀kùn.”

“Bàbá Àlímọ̀, ọmọdé kì í dá irú ìmí yẹn mí.”

Mi ò mọ̀ pé mo máa ń sọ ọ́ síta. Lóòótọ́, mi ò mọ̀. Mo rò pé inú ọkàn mi ló ń wà, lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ. Mo wo ẹja. Mo ń ronú irọ́ tó bá a mu.

“Mo rò pé ìlú yìí wù yín,” Àbẹ̀kẹ́ wí. “Ẹ kì í ráhùn. Lójoojúmọ́ tí mo bá dé, ẹ ó ní kò séwu.”

“Ìwọ ni mo rò pé ó wù. O ti ní ọjà, o ti ní oníbàárà. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa ní ká padà.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọwọ́ náà ní ata, ó sì ní láti dìde lọ bu omi sí i. Nígbà tó padà jókòó, ó ní, “Bí òjò bá dé, tí mo bá wà lábẹ́ tapólì, èmi náà máa ń sọ ọ́. Mo máa ń fi orin sọ ọ́, kí àwọn obìnrin tó kù lè rò pé mo ń yọ̀ ni. Wọ́n ti mọ orin náà. Wọ́n máa ń bá mi gbè é.”

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, Àlímọ̀ sì na àwo rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹja sí i.

A ò padà sílé lọ́dún yẹn, a ò sì padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wà, ọmọ mìíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí a bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wa á mí kanlẹ̀, á bi Ọlọ́run pé ta ló rán òun níṣẹ́ wá síbí, èkejì á ní òun náà ò mọ̀, a óò ní bìsìmílà, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó pẹ́ gan-an kí Àlímọ̀ tó mọ̀ pé kì í ṣe ara àdúrà oúnjẹ.